Ọmọ Ti Hu Irùngbọ̀n, Kò Tíì Jáde Yunifásítì: Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀ Bí Ilé Bá Tú?

Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọmọ kékeré tó ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Ti àgbà ọmọ ni: èyí tó ti hu irùngbọ̀n, tó ti ń dìbò, tó wà ní yunifásítì tàbí pólì, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò sì gbé pọ̀ mọ́. Ta ni yóò san owó rẹ̀? Títí di ìgbà wo? Ṣé òfin lè fi dandan mú bàbá tó ní òun kò san mọ́?

Ìdí tí mo fi mú un wá sí ojú ìwé yìí ni pé ó ti di ohun tí àwọn èèyàn ń gbé wá síwájú ọpọ́n. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá wá dá Ifá nípa ọmọ, àìsàn ni, tàbí àbíkú, tàbí pé ọmọ kò gbọ́ràn. Ní báyìí, ìyá kan á jókòó, á sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó, á fi owó lélẹ̀. Nígbà tí òpẹ̀lẹ̀ bá balẹ̀ tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í, owó ìforúkọsílẹ̀ yunifásítì ni ọ̀rọ̀ ń já sí. Bàbá ọmọ ti sọ pé ọmọ ti pé ọmọ ọdún 18, pé lábẹ́ òfin, ojúṣe òun ti parí. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ọkùnrin tó pọ̀, àti lẹ́nu àwọn tí kò mọ nǹkan kan mìíràn nínú òfin yàtọ̀ sí i.

Ibi tí 18 yẹn ti wá kò ṣòro láti mọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe irú rẹ̀ ní 2007, sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18. Ẹ̀ka 14 òfin àpapọ̀ náà ní ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí kí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ gbọ́ bùkátà rẹ̀ níwọ̀n bí agbára wọn bá ti mọ, pé ó sì lè gba kóòtù lọ lórí rẹ̀. Àwọn bàbá ka ibẹ̀ dé 18, wọ́n pa ìwé dé. Wọn kò ka òfin tó ti wà ṣáájú rẹ̀, Matrimonial Causes Act ti 1970, èyí tó wà fún àwọn tó fẹ́ra wọn ní ìlànà ìjọba, bóyá ní rejísírì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó gba àṣẹ. Ẹ̀ka 70 òfin yẹn fún adájọ́ lágbára láti pàṣẹ owó ìtọ́jú fún ọmọ títí yóò fi pé 21, kì í ṣe 18. Tí ọmọ bá ti pé 21, adájọ́ kò gbọdọ̀ pàṣẹ mọ́, àyàfi bí ó bá rí i pé ìdí pàtàkì kan wà fún ọmọ náà. Òfin kò sọ ohun tí ìdí pàtàkì yẹn jẹ́. Bóyá ẹ̀kọ́ yunifásítì wà lára rẹ̀, lọ́yà méjì lè jà lé e lórí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló fẹ́ ìyàwó ní rejísírì? Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti àwọn Mùsùlùmí kò sí lábẹ́ òfin 1970 yẹn. Kóòtù ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ, irú èyí tó wà ní Mápó n'Ìbàdàn tí àwọn oníròyìn kò jẹ́ kó sinmi. Níbẹ̀, adájọ́ á tú ìgbéyàwó ká, á ní kí bàbá máa san iye kan lóṣooṣù fún oúnjẹ, kí ó sì máa bójú tó ẹ̀kọ́ àti ìlera àwọn ọmọ. “Ẹ̀kọ́” yẹn kì í sábà ní ibi tó parí sí. Kò sọ pé girama ni, kò sì sọ pé ó dé yunifásítì. Bí ọmọ bá wà ní jẹ́lé-ó-sinmi lọ́jọ́ ìdájọ́, ta ló ń rò nípa yunifásítì? Ọdún 12 lẹ́yìn ìgbà náà ni ìjà máa tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ní 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Tahir Mamman, ní ọmọ tí kò bá tíì pé 18 kò gbọdọ̀ wọ yunifásítì. Ẹni tó gba ipò rẹ̀, Tunji Alausa, dá a padà sí 16 kí ọdún náà tó parí. Ká ní ti àkọ́kọ́ dúró ni, 18 ni ọmọ máa wọlé, 18 sì ni bàbá ní òun bọ́. Ọjọ́ tí wọ́n gba ọmọ wọlé gan-an ni bàbá máa jáde! Kódà pẹ̀lú 16 yìí náà, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá wọlé ní 18 fún iṣẹ́ ọdún 4, 22 ló máa jáde. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, 23. Oníṣègùn, 24. Ìyẹn bí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì o. Ní 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ni ASUU fi ti ilé-ẹ̀kọ́ pa, oṣù 8 gbáko. Ọmọ tó jókòó sílé kò kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá olùkọ́ yanṣẹ́ lódì. 21 òfin á ká a mọ́ ibi tí kò tíì parí ìwé rẹ̀.

Owó náà sì ti kúrò ní owó tí ìyá lè fi èrè ata àti tòmátì san. Ní 2023, nígbà tí àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ gbé owó wọn sókè, ti Yunifásítì Èkó kúrò ní bíi 19,000 náírà, ó fò sókè ju 100,000 lọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. N kò tíì dárúkọ ilé gbígbé, oúnjẹ, ìwé, dátà àti owó ọkọ̀.

Àwọn bàbá kan ti ní èsì tuntun báyìí: “Kí ó lọ yá owó ìjọba.” Òótọ́ ni pé NELFUND ti ń gba orúkọ láti oṣù Èbìbí 2024. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún náà mú ààlà 500,000 náírà tí wọ́n fi sórí owó tó ń wọlé fún ẹbí lọ́dún kan kúrò, wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 20,000 náírà lóṣooṣù fún ìnáwó. Ètò tó dára ni, mo sì ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ọmọ ni, kì í ṣe ti ìjọba, kì í ṣe ti bàbá. Lẹ́yìn tó bá sin ìlú tán, tí ọdún 2 bá kọjá lé e, ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Bàbá tó ní agbára tó wá ní kí ọmọ lọ yáwó ti gbé ẹrù ara rẹ̀ ka ọmọ lórí. Bàbá tí kò ní, ìyẹn yàtọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá a wí.

Ó wá kù sí ohun tí Ìṣẹ̀ṣe sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń retí kí n sọ pé àṣà wa ti yanjú rẹ̀ látijọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátá. Láyé àwọn bàbá wa, bí obìnrin bá kọ ọkọ, tí ó dálé mosú, ilé bàbá ni ọmọ ń padà sí bí ó bá ti kúrò lọ́mú. Bàbá kì í fi owó ìtọ́jú ránṣẹ́ sí ìyá, torí pé ọ̀dọ̀ bàbá ni ọmọ wà. Agboolé ló ń bọ́ ọ: ìyàwó ilé, ìyá bàbá, àbúrò bàbá. Ọmọ náà sì ń ṣiṣẹ́ nínú oko bàbá. Ibi tí ọmọ wà ni ìnáwó wà, ibẹ̀ náà ni èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà. Nǹkan mẹ́tà yìí ti pínyà lónìí. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ wà, ọ̀dọ̀ bàbá ni owó oṣù wà, iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ kò sì sí níbì kankan, nítorí ìwé ló ń kà. Agboolé tí ì bá gbé e ti túká sí Ìkòròdú, Àkúrẹ́ àti London. Ẹni tó bá ní kí á kàn dá àṣà àtijọ́ padà kò tíì wò ó dáadáa.

Ohun tí a lè mú nínú àṣà ni òdiwọ̀n rẹ̀. Àwọn bàbá wa kò ka ọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá. Wọ́n ń wò ó bóyá ó ti dá dúró. Bàbá ló ń fún ọmọkùnrin nílẹ̀ tí yóò fi dá oko tirẹ̀, bàbá àti ẹbí ló sì ń fẹ́ ìyàwó àkọ́kọ́ fún un. Ọkùnrin tó ti tó gbé igbá ẹmu mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ṣì wà lábẹ́ bàbá rẹ̀ bí nǹkan wọ̀nyí kò bá tíì ṣẹlẹ̀, ojú kò sì ní tì í. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló ń kọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ tàbí ọnà gbígbẹ́, ọjọ́ tí ọ̀gá bá yọ̀ǹda rẹ̀ ni.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ Ifá fúnra rẹ̀. Ọmọ lè ti kékeré bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ olúwo, ó sì lè lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbà pé ó tó dá Ifá fún ẹlòmíràn. Ó ń gbé lọ́dọ̀ olúwo, ó ń jẹ níbẹ̀, ó ń ru àpò, ó ń já ewé. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò tíì bọ́. Iṣu ń ti oko bàbá wá sílé olúwo. Nígbà tó bá tó àkókò láti tẹ̀ ẹ́, ilé bàbá ni ewúrẹ́, adìyẹ àti gbogbo ohun ẹbọ ti ń wá. N kò tíì rí bàbá kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà igbódù, tó ní irùngbọ̀n ọmọ ti hù, nítorí náà òun kò ra ewúrẹ́ mọ́. Bí yunifásítì bá ti di ibi tí ọmọ ti ń kọ́ iṣẹ́ tí yóò jẹ, kí ni ìyàtọ̀?

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé ọmọ lè ṣe bó ṣe fẹ́. Nínú Ìwòrì Méjì, a gbọ́ ìtàn Ọ̀rúnmìlà àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ. Àgbà ni gbogbo wọn, wọ́n ti joyè, wọ́n ti ń ṣàkóso ìlú. Nígbà tí Ọ̀rúnmìlà ń ṣe ọdún, wọ́n ń wá kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kan Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn wọn, tó ní òun kò ní kí i, pé adé wà lórí òun bó ṣe wà lórí bàbá. Ọ̀rúnmìlà bínú, ó fi ayé sílẹ̀. Ayé sì dàrú: aboyún kò bí, àgàn kò lóyún, òjò kò rọ̀, irúgbìn gbẹ. Àwọn ọmọ tó kí i dáadáa jìyà pẹ̀lú èyí tí kò kí i. Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́, kò padà sílé mọ́, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n máa lọ lọ́wọ́ òfo. Ó fún wọn ní ikin 16, pé òun ni kí wọ́n máa fi ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá ń fẹ́.

Àwọn awo máa ń ka ẹsẹ̀ yìí fún ìkìlọ̀ nípa àìbọ̀wọ̀ fún òbí, ó sì tọ́. Èmi tún rí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Bàbá lè bínú, bàbá lè kúrò nílé, àjọṣe lè bàjẹ́ tí kò ní padà bó ṣe wà, síbẹ̀ ohun tí ọmọ yóò fi jẹun láyé kò sí lára ohun tí à ń fi ìbínú gbà. Àwọn ọmọ yẹn kì í sì í ṣe ọmọ ọdún 18.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun ju tiwa lọ, torí ibẹ̀ ni òfin ti le. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó kọ ìyàwó sílẹ̀ ní Houston, ní Texas, owó ìtọ́jú rẹ̀ sábà máa ń dúró tí ọmọ bá pé 18 tàbí tó bá jáde girama, èyíkéyìí tó bá gbẹ̀yìn. Ní New York, 21 ni. Bí ó bá jẹ́ Chicago, ní Illinois, ló ń gbé, adájọ́ lè ní kí òun àti ìyá ọmọ jọ san owó yunifásítì títí ọmọ yóò fi pé 23, kódà 25 bí ìdí rere bá wà. Ọmọ kan náà, bàbá kan náà, ààlà ìpínlẹ̀ ló yí gbogbo rẹ̀ padà.

Pennsylvania ṣe irú òfin yìí, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ibẹ̀ sì wọ́gi lé e ní 1995, nínú ẹjọ́ Curtis v. Kline. Wọ́n ní kò bójú mu kí òfin fi dandan mú òbí tó ti kọra wọn sílẹ̀, nígbà tí òbí tó ṣì ń gbé pọ̀ lè sọ pé àwọn kò rán ọmọ ní yunifásítì, kí ẹnikẹ́ni má sì mú wọn. Àríyànjiyàn yẹn lágbára, n kò ní tàn yín. Ilé-ẹjọ́ Illinois ti gba ọ̀nà mìíràn láti 1978, pé bí ìgbéyàwó bá tú, ó ṣeé ṣe kí òbí má ṣe ohun tí ì bá ṣe fún ọmọ ká ní ilé dúró. Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Nínú ilé tó dúró, bí bàbá bá ní òun kò san, ìyá wà níbẹ̀ tí yóò máa dá a lójú rú ní alaalẹ́, ìyá bàbá yóò pè é, ẹ̀gbọ́n yóò wá. Nínú ilé tó tú, kò sẹ́ni tó lè wọlé tọ̀ ọ́, àfi kóòtù.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí Illinois fi yí òfin rẹ̀ ká. Ọmọ gbọ́dọ̀ máa ṣe dáadáa nínú ìwé. Bí èsì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju C lọ láìsí àìsàn tàbí ìdí gidi, owó lè dúró. Ó ní láti fọwọ́ sí i pé kí bàbá àti ìyá lè rí èsì rẹ̀. Bí ó bá gbéyàwó, ó parí. Iye tí wọ́n lè bù fún òbí láti san fún ẹ̀kọ́ kì í sábà kọjá ohun tí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní Urbana-Champaign ń gbà. Ní New Jersey, láti ìgbà ẹjọ́ Newburgh v. Arrigo ti 1982, àjọṣe ọmọ pẹ̀lú òbí tí wọ́n ń bi lówó wà lára ohun 12 tí adájọ́ ń gbé yẹ̀ wò. Ní 2006, nínú ẹjọ́ Gac v. Gac, wọ́n fi kún un pé bí wọn kò bá bá bàbá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ná owó, ìyẹn yóò kà sí wọn lọ́rùn. Bí oyìnbó bá ti mọ irú èyí sọ, ó dà bíi pé ẹnì kan lára àwọn àgbà wa ló jókòó tì wọ́n.

Nítorí ẹ̀yin ìyá náà, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́. Bàbá kan wà tó wá sọ́dọ̀ mi. Ọdún 9 ni kò fi rí ọmọbìnrin rẹ̀. Wọ́n yí nọ́ńbà padà, wọ́n kó kúrò ládùúgbò. Lọ́jọ́ kan, ó rí àtẹ̀jíṣẹ́: iye owó yunifásítì aládàáni, ó lé ní mílíọ̀nù méjì náírà, àti nọ́ńbà àkáǹtì. Kò sí “ẹ káàárọ̀ sà” níbẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń ṣe. Ó béèrè lọ́wọ́ Ifá bóyá òun ṣẹ̀ bí òun kò bá san. Ohun tí Ifá bá a sọ, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni adájọ́, n kò ní pàṣẹ mílíọ̀nù méjì fún un. Màá ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú ọmọ wá kí ó rí i, kí wọ́n ṣírò ohun tí yunifásítì ìjọba ń gbà, kí ó san apá tirẹ̀ níbẹ̀ bí owó oṣù rẹ̀ bá ṣe mọ, kí ìyá san tirẹ̀. Bí ìyá bá fẹ́ ti aládàáni, kí ó fi ìyókù kún un.

Àwọn adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ lè ṣe èyí láìdúró de Abuja. Kò sí 21 kankan tó dè wọ́n lọ́wọ́ nínú ìgbéyàwó ìbílẹ̀. Bí wọ́n bá ń kọ ìdájọ́, kí wọ́n má ṣe dúró sórí “ẹ̀kọ́” lásán. Kí wọ́n kọ ọ́ pé títí ọmọ yóò fi parí iṣẹ́ tàbí ìwé àkọ́kọ́ tó bá yàn, ì báà jẹ́ yunifásítì, pólì tàbí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tẹ́lọ̀, pẹ̀lú àyè fún ìyanṣẹ́lódì. Kí wọ́n ní kí a san owó sí àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe sọ́wọ́ ìyá, kì í sì í ṣe sọ́wọ́ ọmọ, torí ọmọ kan wà tó fi owó ìforúkọsílẹ̀ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa sì lè sọ ọ́ di òfin fún kóòtù wọn.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì báyìí kò lè dúró de aṣòfin. Kí ìyá kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí bàbá kí ọmọ tó yan ilé-ẹ̀kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB, kí ó fi ìwé ránṣẹ́, kí ó sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́. Kí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ kí bàbá, kí ó mú èsì WAEC rẹ̀ dání, kí ó mú ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àgbà kan nínú ẹbí lọ́wọ́. Bí bàbá bá kọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìdájọ́ tí wọ́n fi tú ìgbéyàwó ni kí wọ́n wá jáde, kí wọ́n padà sí kóòtù tó kọ ọ́, kí wọ́n ní kí adájọ́ sọ ibi tí “ẹ̀kọ́” tó kọ síbẹ̀ parí sí.